Òkìtì kọ́ńpóòsì mi ti tutù, ó tún ń rùn, ṣé ó ti kú ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Nígbà ooru, tí mo bá tú òkìtì kọ́ńpóòsì mi (ewé àti koríko tí mo kó jọ kó lè jẹrà di ajílẹ̀) báyìí, ooru á máa rú jáde bí ìgbà tí wọ́n ṣí ìkòkò. Ní báyìí tí ewé igi ti wọ́ tán tí òtútù sì ti ń mú, ó tutù bí òkúta, ó sì ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Ṣé kí n dà á nù ni?

Ìdáhùn: Ẹ má dà á nù o, ẹ jọ̀ọ́! Kò tíì kú rárá. Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ ṣe ni pé kí ẹ ti ọwọ́ bọ àárín rẹ̀, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un dáadáa. Tó bá rin bíi kànrìnkàn tí wọ́n ti fún, tí omi ò fi bẹ́ẹ̀ kán, ó dáa, àmọ́ tí omi bá ń ṣàn gba àárín ìka yín, a jẹ́ pé omi ti pọ̀ jù, afẹ́fẹ́ ò sì ríbi wọlé. Àìsí afẹ́fẹ́ yẹn ló ń fa òórùn ẹyin. (Tó bá jẹ́ pé òórùn ìtọ̀ tó ti pẹ́ ni ẹ ń gbọ́, ìyẹn yàtọ̀, nǹkan tútù ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, bíi koríko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé.)

Tèmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ lánàá. Òtútù ń mú mi lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè di fọ́ọ̀kì tí mo fi ń tú u mú, mo ṣí i lókè, mo rí i pé ewé tí mo kàn ń dà sí i látọjọ́ yìí ti lẹ̀ mọ́ra wọn bí ìwé tí òjò pa, mo ń ṣí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, abẹ́ rẹ̀ dúdú ó sì ń yọ̀. Àmọ́ nígbà tí mo dé àárín gan-an, ibì kan ṣì lọ́ wọ́ọ́wọ́, ekòló pupa wẹ́wẹ́ ti kóra jọ síbẹ̀, wọ́n lọ́ mọ́ra wọn. Inú mi dùn gan-an.

Bí mo ṣe tún un ṣe nìyí: mo kó gbogbo ẹ̀ jáde, mo fa páálí ya wẹ́wẹ́, mo ṣẹ́ igi tín-ín-rín sí i, mo wá ń pò ó bí mo ṣe ń dá a padà. Garawa nǹkan gbígbẹ méjì sí mẹ́ta sí garawa nǹkan tútù kan, ìyẹn ló máa ń ṣiṣẹ́ fún mi. Ẹ jẹ́ kó ga kó sì fẹ̀ tó mítà 1 níhà gbogbo, torí òkìtì kékeré ò lè di ooru mú nínú òtútù. Kẹ́ ẹ wá fi nǹkan bò ó kí òjò má bàa máa rọ̀ sí i.

Ìbéèrè: Àmọ́ tí mo bá tú u nínú òtútù yìí, ṣé ooru tó kù kò ní sá lọ?

Ìdáhùn: Á sá lọ díẹ̀, òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí ẹ tú u, lọ́jọ́ tí oòrùn bá yọ, lẹ́yìn náà ẹ fi í sílẹ̀. Tó bá ṣì ń gbóná tí kò sì rùn, ẹ má fọwọ́ kàn án. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́ tí inú rẹ̀ bá ti tutù ju 10°C lọ, àmọ́ tí ilẹ̀ bá ti ń lọ́ padà wọ́n á jí.

Ìbéèrè: Ewé tó kù ńkọ́? Ó pọ̀ gan-an, mi ò lè dà á sínú ẹ̀ tán.

Ìdáhùn: Ẹ má dà á sí i tán. Ẹ fi ẹ̀rọ tí ẹ fi ń gé koríko gorí ẹ̀ kó lè já wẹ́wẹ́, ẹ kó o sí àpò ọ̀rá tí ẹ ti dá ihò sí lára, ẹ wọ́n omi sí i tó bá gbẹ, ẹ so ó, ẹ gbé e sẹ́yìn ilé. Ó máa ń tó ọdún 1 sí 2, àmọ́ tó bá jẹrà tán, ó dúdú, ó fúyẹ́, òórùn inú igbó lẹ́yìn òjò ló ń rùn, mo fẹ́ràn ẹ̀ ju kọ́ńpóòsì gan-an lọ.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè da tòmátì tó ṣàìsàn àti èpò tó ti so èso sí i?

Ìdáhùn: Rárá o, ní àsìkò yìí kọ́. Ó gbọ́dọ̀ gbóná tó 55°C fún ọjọ́ mélòó kan kó tó lè pa àìsàn yẹn àti irúgbìn èpò náà, òkìtì tó tutù ò lè débẹ̀.

Ìbéèrè: Kí ló tún kù tí mo lè ṣe lọ́jọ́ kan náà?

Ìdáhùn: Rọ́bà omi ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ lẹ́nu ẹ̀rọ omi, kí ẹ da omi inú ẹ̀ nù pátápátá, torí omi tó bá di yìnyín máa ń fẹ̀ sí i, á sì fọ́ ẹnu ẹ̀rọ náà. Ìkòkò amọ̀ náà, ẹ gbé wọn wọlé. Ẹ fọ ṣọ́bìrì, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi òróró pa irin ẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ padà lọ gbọ́ òórùn òkìtì yẹn, tèmi ti ń rùn bí iyẹ̀pẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ àná.