Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nídìí Iná UV àti Asẹ́ Ìmọ́lẹ̀

Oṣù kan kì í kọjá kí ẹnìkan má gbé iná UV tuntun (iná tí ń tú ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn kì í rí jáde) wá sí yàrá ìwádìí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn níbí, kí ó sì bi mí pé kí ló dé tí bakitéríà òun kò kú. Owó ti máa ń lọ kí wọ́n tó bèèrè. Èmi náà fi owó àti ojú ara mi kọ́ púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ, nítorí náà kí ẹni tí mo bá bá wí má ṣe bínú.

Àṣìṣe kìíní ni kí a máa fi àwọ̀ búlúù yan iná. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ra irú èyí tí àwọn oníṣòwò fi ń yẹ owó wò ní Dùgbẹ̀, ó fẹ́ fi pa kòkòrò. Irú rẹ̀ sábà máa ń tàn ní nǹkan bí 365 nànómítà (òṣùwọ̀n gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀), tí í ṣe UVA, irú UV tí ìgbì rẹ̀ gùn jù. Èyí tí ń ba DNA bakitéríà jẹ́ kíákíá ni UVC, irú tí ìgbì rẹ̀ kúrú jù, ti 254 nànómítà, tí iná mẹ́kúrì apakòkòrò ń mú jáde. Búlúù tí ẹ rí kì í ṣe UV.

Èkejì: ẹ jẹ́ kí iná kọ́kọ́ gbóná dáadáa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkókò.

Ẹ̀kẹta ni ó ń ká mi lára jù, ìyẹn ohun tí ó dúró láàárín iná àti ohun tí a ń tan iná sí. Ohun tí ojú wa ń rí kọjá lè jẹ́ ògiri fún UV. Ẹnìkan fi odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tan iná 254 sí bakitéríà inú àwo pẹ́trì oníke pẹ̀lú ọmọrí lórí rẹ̀, nítorí pé kò fẹ́ kí eruku wọ̀ ọ́, ó sì ti ń múra láti ra iná tí ó lágbára jù. Mo gba àwo kan lọ́wọ́ rẹ̀, mo sún ọmọrí títí ó fi bo ìdajì péré, mo tan iná sí i fún ìṣẹ́jú kan. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ibi tí ọmọrí bò funfun bí ẹ̀kọ tó dì; apá kejì mọ́, àfi àmì róbótó mélòó kan. Gíláàsì fèrèsé kò sàn jù ú lọ. Quartz, òkúta tí ó mọ́ bí gíláàsì, ni ó ń jẹ́ kí 254 kọjá.

Ìṣòro ẹni tí ń fi iná UVB (tí ó wà láàárín UVA àti UVC) ṣiṣẹ́ lórí ewéko yàtọ̀: iná náà ń tú UVC díẹ̀ jáde, èyí tí kò sí nínú oòrùn tí ó dé ilẹ̀, nítorí náà abala cellulose acetate, oríṣi ike fẹ́lẹ́ kan, ni a fi ń sẹ́ ohun tí ó wà nísàlẹ̀ nǹkan bí 290 dànù. Fún ewéko ìfiwéra, ẹ lo abala pọ́lísítà, tí ń dí UVB títí dé nǹkan bí 315, ṣùgbọ́n tí ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ yòókù kọjá. Ẹni tí ó bá gbé ewéko ìfiwéra sínú kọ́bọ́ọ̀dù ń fi òkùnkùn wé ìmọ́lẹ̀ ni. Acetate náà a sì máa gbó lábẹ́ iná. Mo lo abala kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò títí di ìgbà ọyẹ́. Nígbà tí ewé ẹ̀wà mi kò jóná mọ́, mo fi ìgbéraga kọ ọ́ sínú ìròyìn mi pé ẹ̀wà ti mọ UV lára. Ọ̀gá mi kàn fi ìka kan abala náà ni, ó sì fọ́ wúruwùru.

Ẹ má tún gbé àwo tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tan UVC sí lọ sí ojú fèrèsé. Láti 1949, tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Albert Kelner ti kọ nípa rẹ̀, ni a ti mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ lè mú kí bakitéríà tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹ fi fọ́ìlì wé e.

Bí iná ìjọba bá relẹ̀, tàbí tí ẹ bọ́ sórí jẹnẹrétọ̀, agbára iná UV yín lè yí padà, nítorí náà ẹ wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́, kì í sì í ṣe pẹ̀lú mítà tí wọ́n ṣe fún 365 nígbà tí iná yín jẹ́ 254. “Ìṣẹ́jú márùn-ún” nìkan kì í ṣe òṣùwọ̀n: ẹ fi iye wáàtì lórí mítà onígun mẹ́rin kan sọ iye ìṣẹ́jú àáyá di púpọ̀, kí ẹ kọ iye joule lórí mítà onígun mẹ́rin kan tí ó bá jáde.

Ní ti ojú, ẹ wọ awò ìdáàbòbò. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ iná 254 fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láti tún un gbé kọ́, n kò sì mọ nǹkan kan lára títí di òru, nígbà tí ó dà bí ẹni pé wọ́n bu yanrìn sí mi lójú. Ìyàwó mi ní Àpólò ni, ó sì lé mi lọ sùn ní pálọ̀ kí n má baà kó o ran àwọn ọmọ.