Bí a ṣe lè tún aláímẹ́ǹtì táyà iwájú ọkọ̀ ṣe nílé

Bí táyà iwájú bá ń jẹ láti ẹ̀gbẹ́ kan, tí sítíárìn kò sì dúró sí àárín nígbà tí ọkọ̀ ń lọ tààrà, ó ṣeé ṣe kí aláímẹ́ǹtì rẹ̀, ìyẹn bí àwọn táyà ṣe dojú kọ ọ̀nà, ti yẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo rò pé ó yẹ kí ènìyàn dáwọ́ lé nílé, ìyẹn ni bí imú táyà méjèèjì (apá iwájú wọn) ṣe súnmọ́ ara wọn tàbí jìnnà síra wọn. Bí táyà ṣe fì sí inú tàbí sí ìta, ẹni tó ní ẹ̀rọ ni kí ẹ gbé e lọ bá.

Ẹ kọ́kọ́ fún táyà ní afẹ́fẹ́ tó pé. Ẹ fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn, ẹ fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀, ẹ gbé irin tó lágbára sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹ wá di táyà mú ní ọ̀tún àti òsì, kí ẹ mì í. Bí ó bá ń mì, ó lè jẹ́ pé táì-rọ́ọ̀dù ẹ́ńdì, ìyẹn orí ọ̀pá tí sítíárìn fi ń yí táyà, ti jẹ, ẹ sì gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀ ná, nítorí kò sí ìwọ̀n tí yóò dúró lórí irin tó ti jẹ.

Wíwọ̀n gan-an ni iṣẹ́ yìí. Ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì tó tẹ́jú, kí sítíárìn wà ní àárín, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí iwájú táyà kọ̀ọ̀kan, ní gíga kan náà pẹ̀lú àárín ríìmù. Kí ẹnìkan bá yín di orí kejì téèpù mú, kí ẹ sì kọ ìwọ̀n tó wà láàárín àmì méjèèjì sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ti ọkọ̀ síwájú títí àmì kan náà yóò fi yí dé ẹ̀yìn ní gíga yẹn, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá lo àmì mìíràn, ríìmù tó ti wọ́ díẹ̀ lè tàn yín jẹ. Bí abẹ́ ọkọ̀ bá dí téèpù lọ́wọ́, ẹ rẹ gíga náà sílẹ̀ nígbà méjèèjì.

Ìwé ọkọ̀ yín ni yóò sọ ìyàtọ̀ tó yẹ; nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, ìwọ̀n iwájú kì í fi ju mìlímítà 3 lọ kéré sí ti ẹ̀yìn. Ẹ tú nọ́ọ̀tì tó há táì-rọ́ọ̀dù mọ́ ẹ́ńdì rẹ̀, kí ẹ yí ọ̀pá náà díẹ̀díẹ̀, iye kan náà ní ọ̀tún àti òsì, kí sítíárìn má baà kúrò ní àárín. Bí táì-rọ́ọ̀dù bá wà lẹ́yìn àárín táyà, mímú un gùn ni yóò mú imú táyà wọlé; bí ó bá wà níwájú, òdìkejì ni. Ẹ ti ọkọ̀ síwájú díẹ̀ kí ẹ tó tún wọ̀n, kí táyà lè balẹ̀, kí ẹ sì de nọ́ọ̀tì pinpin nígbà tó bá pé.

Bí ọkọ̀ bá ṣì ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ fi táyà ọ̀tún rọ́pò ti òsì, bí wọn kò bá jẹ́ oríṣi tí wọ́n ṣe fún ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo: bí fífà náà bá yí padà, táyà ni ẹ̀bi, kì í ṣe táì-rọ́ọ̀dù.