Àṣìṣe tó ń ba ṣáńpù àfọwọ́ṣe jẹ́ kó tó dé orí

Ṣáńpù àkọ́kọ́ tí mo fọwọ́ ara mi ṣe hó dáadáa. Mo da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, mo fi omi kán an, ó hó kún ọwọ́ mi. Inú mi dùn débi pé mo rọ ọ́ sínú ìgò mẹ́fà, mo pín in fáwọn ará ilé. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí àbúrò mi fi gbé tirẹ̀ padà wá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbóòórùn ẹ̀ wò ná." Òórùn aṣọ tí wọ́n ká láìtíì gbẹ ni. Mo lọ ṣí tèmi, afẹ́fẹ́ tú jáde lẹ́nu ìgò, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì ti ṣàn bí omi. Gbogbo ẹ̀ ni mo dà nù. Títí dìgbà tí mo ń dà á nù, ó ṣì ń hó.

Híhó yìí ló ń tan ọ̀pọ̀ wa jẹ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé mi ò fi preservative sí i, ìyẹn èròjà tí kì í jẹ́ kó bàjẹ́. Kì í ṣe pé mo gbàgbé o. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ ni, torí mo fẹ́ máa fọ́nnu pé tèmi kò ní kẹ́míkà kankan nínú. Omi ló pọ̀ jù nínú ṣáńpù, ibi tómi bá sì wà, kòkòrò àìfojúrí á wọ ibẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Pseudomonas aeruginosa, fẹ́ràn irú ibẹ̀ gan-an, ó sì lè ba ojú èèyàn jẹ́. Ẹ má dúró dìgbà tó bá ń rùn, torí kòkòrò lè ti kún inú ìgò kí òórùn tó yí padà.

Àwọn kan á ní àwọn ti fi vitamin E sí i. Òróró ni vitamin E ń gbà lọ́wọ́ afẹ́fẹ́, kò rí nǹkan ṣe sí kòkòrò. Fíríìjì náà kàn ń sún ọjọ́ tó máa bàjẹ́ síwájú díẹ̀ ni. Ẹni tó sì ra preservative gidi lè má mọ̀ ọ́n lò. Sodium benzoate, bí àpẹẹrẹ, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ tí pH, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí ásíìdì ṣe pọ̀ tó nínú nǹkan (bó bá ṣe kéré sí ni ásíìdì ń pọ̀ sí), bá ti ju 5 lọ. Ẹ fi sínú ṣáńpù tí pH rẹ̀ jẹ́ 7, ẹ kàn fi owó ṣòfò ni. Phenoxyethanol kò le tó bẹ́ẹ̀ ní ti pH, ṣùgbọ́n ó ní ìwọ̀n tirẹ̀: òfin ilẹ̀ Yúróòpù kò gbà kó ju ìdá 1 nínú 100 lọ.

Àṣìṣe tó sún mọ́ èyí ni kéèyàn fún omi àlùbọ́sà, kó ha inú aloe vera tútù, tàbí kó se ewé, kó wá dà á sínú ṣáńpù tó fẹ́ tà. Oúnjẹ lẹ ń gbé fún kòkòrò yẹn. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fọ orí tiyín lónìí, ẹ pò ó, ẹ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ da ìyókù nù.

Ọ̀rọ̀ ọṣẹ wá kàn. Ọṣẹ olómi tí a fi òróró àti kọ́sítíìkì sè máa ń ní pH 9 sí 10, nígbà tí awọ orí wà ní nǹkan bí 5.5. Ìpẹ́ wẹ́wẹ́ tó bo irun á dìde, irun á lọ́ mọ́ra, tí omi yín bá sì jẹ́ irú èyí tí ọṣẹ kì í tètè hó nínú rẹ̀, ìdọ̀tí funfun kan á lẹ̀ mọ́ irun bí ìda. Ẹ má rò pé ẹ lè fi ásíìdì fa pH ọṣẹ yẹn wálẹ̀. Ó máa fọ́ ni: òróró á yọ sókè, omi á kù nísàlẹ̀. Èyí tó tiẹ̀ tún burú jù ni ọṣẹ ìfọwo tí wọ́n fi sulphonic acid àti kọ́sítíìkì ṣe, tí wọ́n fi lọ́fínńdà kún, tí wọ́n wá ń pè ní ṣáńpù. Orí kì í ṣe ìkòkò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra òṣùwọ̀n. Ṣíbí àti ife kò ṣeé fi ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ sì bi ẹni tó ń tajà léèrè bí èròjà rẹ̀ ṣe lágbára tó. SLES, èròjà tó ń hó tó sì ń fọ ìdọ̀tí, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Texapon, ní èyí tó ki bí ìpara, tó jẹ́ ìdá 70 nínú 100, ó sì ní èyí tó ń ṣàn, tó jẹ́ nǹkan bí ìdá 28. Ká ní ẹ fẹ́ ṣe ṣáńpù 1,000 gíráàmù. Ẹ wọn SLES oní-70 gíráàmù 120 àti cocamidopropyl betaine oní-30, èròjà ìfọ̀dọ̀tí kejì, gíráàmù 120. Ohun tó ń fọ ìdọ̀tí gan-an nínú rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 84 àti 36, àpapọ̀ 120, ìyẹn ìdá 12 nínú 100. Ó tó fún orí. Ẹ wá fi oní-28 rọ́pò láìyí ìwọ̀n padà: 84 á di nǹkan bí 34, gbogbo ẹ̀ á di nǹkan bí 70. Oníbàárà tó bá ní ó ṣàn jù kò parọ́ mọ́ yín.

Torí kó lè ki, ni iyọ̀ fi wọ̀ ọ́. Mo rántí ọjọ́ tí mo dúró ti abọ́ kan, tí mò ń bu iyọ̀ sí i ní ṣíbí-ṣíbí. Ó ki. Mo ní kò tíì tó, mo tún bù sí i. Ó ki sí i. Mo fi ṣíbí kan péré kún un, ló bá ṣàn pọ̀ọ́ lójú mi báyìí. Mo rò pé iyọ̀ ló kù, mo tún bù sí i! Iyọ̀ máa ń gbé e dé òkè ni, lẹ́yìn náà a ti í sísàlẹ̀. Ìdá 1 sí 3 nínú 100 ló sábà máa ń tó, betaine tí ẹ rà sì ti ní iyọ̀ tirẹ̀ nínú. Ẹ yọ́ iyọ̀ nínú omi díẹ̀, ẹ máa kán an sí i díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ sì ti fi lọ́fínńdà sí i kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí lọ́fínńdà náà lè mú un ṣàn.

Ẹ má da òróró sí i lọ́pọ̀, ó máa pa híhó rẹ̀, ó sì máa léfòó. Ẹ má da kondíṣánà mọ́ ṣáńpù nínú ìgò kan náà, wọ́n máa ń dì mọ́ra wọn bíi wàrà tó bàjẹ́ ni. Ẹ bo imú tí ẹ bá ń da èròjà oníyẹ̀fun. Ẹ má sì rọ ọ́ sínú ìgò ohun mímu, torí àwọn ọmọdé.

Tí ẹ bá fẹ́ tà á, ẹ má ta èyí tí ẹ ṣe lánàá. Ẹ jẹ́ kó jókòó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, níbi tó móoru àti níbi tó tutù, kẹ́ ẹ máa wò ó. Ẹ má kọ ọ́ sára ìgò pé ó ń wo làpálàpá tàbí pé ó ń hu irun. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, gbólóhùn yẹn nìkan ti sọ ọ́ di oògùn lójú òfin, òfin oògùn sì le ju ti ṣáńpù lọ.

Ẹ pa ìgò kan mọ́ nínú gbogbo èyí tí ẹ bá ṣe, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i. Oníbàárà kan sọ fún mi nígbà kan pé ṣáńpù mi ń yún òun lórí. Mo gbé ìgò ọjọ́ yẹn jáde, mo ki bébà pH bọ̀ ọ́: 8. Mo ṣí ìwé mi. Ọjọ́ yẹn ni mo fi coco glucoside, èròjà ìfọ̀dọ̀tí mìíràn tí pH tirẹ̀ ń lọ sí 12, rọ́pò SLES, iye citric acid ti tẹ́lẹ̀, ásíìdì tí mo fi ń fa pH wálẹ̀, ni mo sì fi sí i láìtún pH wọ̀n.