Omíyalé Lé Wọn, Ẹ Gbà Wọ́n Sí Ọ́fíìsì Yín: Ohun Tó Máa Ń Dàrú

Omi gba ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ míì, ẹ ní kí wọ́n wá bá yín pín tiyín. Ohun rere lẹ ṣe. Àwọn ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé e kì í yí padà.

Ìbéèrè: Íntánẹ́ẹ̀tì wa ń falẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti dé.
Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fáìlì tí wọ́n ń fà padà sórí kọ̀ǹpútà ni. Kí wọ́n máa fà á lóru. Wi-Fi tiwọn gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí tiyín.

Ìbéèrè: Nọ́ńbà wọn àtijọ́ ṣì ń dún, kò sẹ́ni tó ń gbé e.
Kí ẹni tó forúkọ sílẹ̀ fún nọ́ńbà náà ní kí wọ́n darí ìpè síbi tuntun.

Ìbéèrè: Tábìlì 12 la yà sọ́tọ̀, ìdajì òṣìṣẹ́ wọn ò wá.
Ṣé ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n ni? Kí ọ̀gá wọn pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: níbo lo ń sùn, àwọn wo lò ń tọ́jú, báwo lo ṣe máa débí, ṣé fóònù àti káàdì báǹkì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ? Ẹni tí síìmù rẹ̀ bómi lọ ò ní rí kóòdù tí báǹkì ń fi ránṣẹ́. Owó oṣù lè wọlé kó má rí i ná. Ẹ bá a gba síìmù padà ná.

Ìbéèrè: Bírékà ń já ṣáá. Ṣé ká pààrọ̀ ẹ̀ sí ńlá?
Rárá o! Wáyà inú ògiri ò ní tóbi sí i. Òun ló máa gbóná tó fi máa gbiná.

Ẹ wo èyí tó já. Bírékà lásán? Ohun tó ń lo iná lórí rẹ̀ ló sábà máa ń pọ̀ jù. Bírékà áḿpù 16 lórí iná 230 fóòtì ò ju wáàtì 3,680 lọ, kẹ́túlù kan sì lè jẹ 2,000 níbẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì orí bírékà míì.

Èyí tó ní bọ́tìnì T ló já? Iná ń jò síbì kan. Mílíáḿpù 30 ló sábà máa ń jẹ́ ààlà iná tó lè jò kó tó já. Ẹ yọ gbogbo wáyà kúrò ní sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ tan bírékà padà, kẹ́ ẹ wá máa kì wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ tí wọ́n yọ nínú omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ara rẹ̀ á ti gbẹ, aṣọ ti nù ún mọ́, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ tó kù nínú rẹ̀ á máa fa ọ̀rinrin mọ́ra. Òmíràn á já láàárọ̀ tí ilẹ̀ tutù, ọ̀sán á dé, á gbóná, á ṣiṣẹ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ibẹ̀ làwọn èèyàn ti máa ń dá a láre. Ẹ yà á sọ́tọ̀ fún oníṣẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ má tú u fúnra yín, iná lè ṣẹ́ kù sínú rẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti yọ ọ́.

Bí kò bá sí ẹ̀rọ kan tó dá mú un já, tó jẹ́ ìgbà tí gbogbo wọn bá pé ló ń já, iná díẹ̀díẹ̀ ló ń jò lára kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, tí àpapọ̀ rẹ̀ wá kọjá ààlà. Ẹ pín wọn sórí bírékà míì tó ní bọ́tìnì T tirẹ̀. Bó bá já láìsí nǹkan kan nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ pa á, kẹ́ ẹ pe oníṣẹ́ iná.

Ìbéèrè: Oṣù kan la jọ sọ, ó ti di mẹ́rin.
Ẹ kọ ọ́ sójú ìwé kan: ọjọ́ tí wọ́n máa kúrò, ẹni tó ń sanwó iná, iye èèyàn, iye kọ́kọ́rọ́. Kẹ́ ẹ sì sọ fún ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò yín pé àwọn ẹlòmíì ń lo ilé náà. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀, wọ́n lè kọ̀ láti sanwó.