Búlúù Kan Ṣoṣo Lórí Pósítà

Ẹni tó bá ń fi búlúù kan ṣoṣo ṣe pósítà, àwọ̀ méjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀: búlúù yẹn àti funfun ìwé. Funfun ló sì sábà máa ń gbé iṣẹ́ náà yọ. Nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ibi tí wọ́n bá fi ẹ̀kọ láfún kùn ni aró kì í mu, ibẹ̀ gan-an sì ni àrà aṣọ náà ti ń hàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀: ẹ kọ́kọ́ pinnu ibi tí búlúù ò ní dé. Lórí ìwé A2, tó jẹ́ mìlímítà 420 sí 594, ẹ jẹ́ kí búlúù gba nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta, kí funfun gba ìyókù, tàbí kí ẹ yí i padà. Tí ẹ bá pín in dọ́gba, ojú ò ní mọ èyí tó jẹ́ ilẹ̀ àti èyí tó jẹ́ àwòrán.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè irú ẹ̀rọ tó máa tẹ̀ ẹ́. Tó bá jẹ́ offset aláwọ̀ kan, irú èyí tí wọ́n ń tẹ̀ ní Ṣómólú l'Ékòó, pléètì ẹyọ kan ni, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tó ń gbé íńkì iṣẹ́ náà. Ẹ má fi búlúù ya ohunkóhun nínú fáìlì yẹn. Dúdú ni kí ẹ fi ṣe gbogbo rẹ̀, K 100 (K ni dúdú, nọ́ńbà náà sì ni bó ṣe kún tó nínú ọgọ́rùn-ún), torí pléètì ò mọ àwọ̀. Íńkì tí wọ́n bá dà sínú ẹ̀rọ ni yóò jáde. Inú íńkì kan náà ni búlúù tó fúyẹ́ ti ń wá: K 60 fún ti àárín, K 25 fún èyí tó fẹ́lẹ́. Ẹ má lọ sísàlẹ̀ 5, torí àwọn dọ́ọ̀tì kéékèèké tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ lè má dúró lórí pléètì. Ẹ má sì kọjá 85 àyàfi tí ẹ bá fẹ́ kó kún pátápátá, torí yóò dí pa. Dọ́ọ̀tì máa ń fẹ̀ sí i tó bá kan ìwé, tó fi jẹ́ pé ohun tí ẹ pè ní 50 lè jáde bí 65 tàbí 70, pàápàá lórí ìwé tí kò dán. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí fọ́tò mọ́lẹ̀ díẹ̀ ju bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ lọ lójú kọ̀ǹpútà.

Kí ẹ tó fi PDF ránṣẹ́, ẹ ṣí i nínú Acrobat Pro, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń yẹ PDF wò, ẹ lọ sí Output Preview, ẹ yọ àmì kúrò lórí Black. Ojú ìwé gbọ́dọ̀ ṣófo. Ohun tó bá ṣẹ́kù wà nínú C, M tàbí Y (cyan, magenta àti yellow, àwọn íńkì tó kù nínú ìtẹ̀wé aláwọ̀ mẹ́rin), kò sì ní sí lórí pléètì yín. Fọ́tò tí wọn ò tíì sọ di grayscale (dúdú òun funfun nìkan) ló sábà máa ń fà á.

Íńkì ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Reflex Blue ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dárúkọ, ó sì lẹ́wà lóòótọ́, àmọ́ kì í tètè gbẹ. Èròjà àwọ̀ tí wọ́n ń pè ní alkali blue tó wà nínú rẹ̀ ń dí ohun tó ń mú íńkì gbẹ lọ́wọ́. Tí wọ́n bá tò ó jọ gègèrè, iwájú ìwé kan yóò lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn èkejì, ìka ọwọ́ yóò sì máa hàn lára rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n tò ó díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n fi ó kéré tán ọjọ́ méjì sílẹ̀ kí wọ́n tó gé e. Oòrùn tún tètè máa ń pa á. Pósítà tí ẹ fẹ́ lẹ̀ mọ́ ògiri ìta, íńkì phthalo blue ni kí ẹ béèrè: ó ń gbẹ bó ṣe yẹ, oòrùn ò sì tètè rí i gbé ṣe.

Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ DI, tó ń gba fáìlì tààrà láti orí kọ̀ǹpútà, tó sì ń lo íńkì mẹ́rin (C, M, Y àti K), C 100 M 65 Y 0 K 0 jẹ́ búlúù tó kì dáadáa. Ẹ jẹ́ kí M fi ó kéré tán 30 kéré sí C, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọ̀ pọ́pù ni yóò jáde. Búlúù 0, 0, 255 (nọ́ńbà RGB, ìyẹn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ojú ẹ̀rọ) tó ń tàn lójú fóònù, kò sí bí íńkì mẹ́rin yẹn ṣe lè tẹ̀ ẹ́. Ẹ sọ èyí fún oníbàárà kó tó sanwó. Tó bá sì jẹ́ orí WhatsApp nìkan ni pósítà ń lọ, ẹ lo búlúù yẹn fàlàlà, àmọ́ bíi document ni kí ẹ fi ránṣẹ́, torí ìfúnpọ̀ fọ́tò máa ń mú etí búlúù ṣú. Ẹ má fi kọ lẹ́tà kéékèèké sórí dúdú, kò ní ṣeé kà.

Lẹ́tà funfun nínú búlúù, íńkì máa ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó kéré sí pọ́ìntì 9, ẹ sì yan fọ́ǹtì tó sanra níwọ̀nba. Àkọlé tí èèyàn yóò kà láti mítà 3, ẹ jẹ́ kí gíga lẹ́tà rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2.5.

Kí ẹ tó ní kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ lọ, ẹ ní kí wọ́n fi íńkì náà pa orí ìwé tí ẹ máa lò gan-an, kì í ṣe èyíkéyìí tó bá wà nílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, torí búlúù máa ń rọ̀ díẹ̀ tó bá gbẹ tán, kí ẹ wá gbé e jáde wò nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán.