Lítà epo 140 kí n tó dé abúlé Asmat: ìrírí mi ní Papua

Rupiah (owó Indonéṣíà) 3,000,000 ni mo kọ sínú ìwé ìṣirò mi fún ọkọ̀ ojú omi, àlọ àti àbọ̀. Nígbà tí mo fi padà sí ìlú Agats ní Papua, 5,875,000 ti jáde lọ́wọ́ mi, n kò sì tíì ka 1,400,000 tí mo san fún yàrá oru mẹ́rin tí n kò gbèrò láti sùn. Olè kọ́ ló jà mí. Epo bẹntiróòlù ni. Ohun tó dùn mí jù ni pé ọ̀nà tí kò ní ná mi tó ìdá mẹ́ta owó yẹn wà níwájú mi láti ọjọ́ kejì tí mo ti dé ìlú náà.

Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, láti etí òkun ìpínlẹ̀ Oǹdó. Mò ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìpèsè oúnjẹ ní Java, ní Indonéṣíà, ìjọba wọn ló ń san owó ẹ̀kọ́ mi. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ pé àwọn kan wà ní Papua, ní ìlà oòrùn Indonéṣíà, tí wọ́n ń yọ oúnjẹ òòjọ́ wọn nínú igi, bí àwa ṣe ń yọ púpurú lára gbágùúdá, ọkàn mi kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Mo fẹ́ tẹ̀lé ságò, oúnjẹ inú igi náà, láti orí ìdúró igi dé inú iná, kí n fi ọwọ́ ara mi lù ú, kí n fi ọwọ́ ara mi fọ̀ ọ́. Àwọn Asmat ni mo yàn, torí pé orí ẹrẹ̀ ni wọ́n kọ́lé sí, ilé wọn sì wà lórí òpó bíi ti àwa ní Ayétòrò. Mo ti ń wa ọkọ̀ kí n tó mọ kẹ̀kẹ́ gùn. Mo gbà pé odò kì í ṣe ohun tí yóò dá mi dúró.

Bí mo ṣe dé Agats kò gba àlàyé. Ọkọ̀ òfuurufú gbé mi dé Timika, èyí kékeré gbé mi dé Ewer, ọkọ̀ ojú omi sì gbé mi débẹ̀. Àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ìrìnnà tí wọ́n ń pè ní surat jalan kó tó wọ ìgbèríko Papua. Mo gbà á, mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀ mẹ́fà. Agats ni olú ìlú agbègbè Asmat, ó sì ti wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Gúúsù Papua láti ọdún 2022 tí wọ́n ti pín Papua sí wẹ́wẹ́. Orí afárá ni gbogbo ìlú náà wà, pákó tẹ́lẹ̀, kọnkéré níbi púpọ̀ báyìí. Alùpùpù oníbátìrì ló ń sáré lórí rẹ̀. Ẹrẹ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀, ẹrẹ̀ tí kò ní òkúta kan ṣoṣo. Láyé àtijọ́, ọ̀dọ̀ àwọn ará òkè ni àwọn Asmat ti ń ṣe pàṣípààrọ̀ kí wọ́n tó rí òkúta fi ṣe àáké.

Kí n tó kúrò ní Java ni mo ti bá ẹnì kan tó ní ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ńlá sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní 1,500,000 lójúmọ́. Mo ṣírò rẹ̀, ọjọ́ kan fún àlọ, ọjọ́ kan fún àbọ̀, mo fi owó ọjọ́ kan ránṣẹ́ sí i. Ọjọ́ tí mo dé ló bi mí pé, “Epo rẹ ńkọ́?” Mo ní epo wo? Ó ní owó ọkọ̀ àti ti awakọ̀ ni mo san, ẹni tó háyà ọkọ̀ ló ń ra epo. Abúlé tí mo ń lọ, lókè odò Siretsj tí àwọn Dutch pè ní Eilanden, yóò jẹ lítà 140 ní lílọ àti bíbọ̀. Bó bá sì jẹ́ pé yóò já mi sílẹ̀, kó padà sílé, kó tún wá gbé mi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó di lítà 280. Mo bínú gan-an. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́ lórí fóònù. Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Kò sí ẹni tó ń sọ ọ́ níbẹ̀, torí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Ó dáa, mo ní ká lọ ra epo. Epo ò sí.

Ọdún 2016 ni Ààrẹ Joko Widodo kéde ní Yahukimo, nínú Papua yìí kan náà, pé iye kan ṣoṣo ni wọn yóò máa ta epo jákèjádò Indonéṣíà. Ètò tó dára ni, mi ò ní bú u. Ṣùgbọ́n iye tí ìjọba dá, ibi tí epo bá wà ló ti wúlò. Ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé epo bọ̀ kò dé. Ní ọjọ́ kìíní, wọ́n ní ọ̀la. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ní bóyá alẹ́. Mo ti ra kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 35 mẹ́rin, mo so wọ́n pọ̀ mọ́ okùn, mo sì ń fà wọ́n kiri lórí afárá láti aago márùn-ún ìdájí, nínú òjò. Ẹni tó ní lítà mẹ́wàá nílé kò fẹ́ tà á. Ẹni tó fẹ́ tà á ń pe 30,000. Ní Java tí mo ti ń bọ̀, 10,000 ni lítà kan.

Níbi ìlà ọjọ́ kejì ni mo ti pàdé ọkùnrin kan tó jókòó lé kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀. Nítorí àwọ̀ mi àti irun mi, wọ́n rò pé ará Wamena, ìlú kan ní òkè Papua, ni mí. Nígbà tí mo ní Áfíríkà ni mo ti wá, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọn kò tètè fi í sílẹ̀. Bapa ni mo ń pè wọ́n, bí gbogbo èèyàn ṣe ń pe àgbà ọkùnrin níbẹ̀, Mama sì ni ìyàwó wọn. Ọmọbìnrin wọn kékeré, kò tíì pé ọmọ ọdún méjì, ni wọ́n gbé wá sí ilé ìwòsàn nítorí ibà. Ara ọmọ náà ti yá láti ọjọ́ mọ́kànlá. Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n ti ń sùn sí ẹ̀yìnkùlé ìbátan wọn, torí pé wọn kò rí lítà 20 tí yóò gbé wọn délé.

Mo ní lítà 20 péré kẹ̀? Wọ́n mú mi lọ wo ọkọ̀ wọn. Igi kan ṣoṣo ni wọ́n gbẹ́ tó di ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì kékeré kan tí irin ìdí rẹ̀ gùn gbọọrọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ketinting ni wọ́n ń pe irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀. Ó ń pariwo, kì í sáré. Ibi tí ọkọ̀ ńlá ń fi wákàtí márùn-ún dé, ọjọ́ kan gbáko ni ketinting ń fi lọ. Ṣùgbọ́n lítà 20 ló ń jẹ lọ sókè odò, 15 ló ń jẹ bọ̀. Mo dárúkọ abúlé tí mo ń lọ. Mama kígbe. Abúlé wọn ni.

Ibi tí mo ti ṣìṣe nìyí. Mo padà lọ bá ẹni tó ni ọkọ̀ ńlá pé kó dá owó mi padà, ó kọ̀. Dípò kí n fi 1,500,000 yẹn sílẹ̀ fún un kí n sì tẹ̀lé Bapa, mo rò pé owó tí mo ti san yóò ṣòfò, mo sì tún lọ fi 3,500,000 ra epo lé e lórí. Bí mo bá ti jẹ́ kó ṣòfò lọ́jọ́ náà, lítà 55 péré ni ǹ bá rà fún gbogbo ìrìn àjò náà.

Ọjọ́ kẹta, epo kò dé. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo padà sí yàrá, mo jókòó. Mo rántí ìròyìn tí mo ti kà rí, pé ní oṣù kìíní ọdún 2018, wọ́n kéde pàjáwìrì ìlera ní Asmat, èéyi àti àìjẹunrekánú sì pa ọmọ tó lé ní 70. Nígbà tí mo kà á, ohun tí mo sọ ni pé ṣé wọn kò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ni? Mo tijú ọ̀rọ̀ yẹn lọ́jọ́ náà. Abẹ́rẹ́ ń fẹ́ yìnyín, yìnyín ń yọ́, odò jìn, ọkọ̀ kò sì lè lọ láìsí epo. Èmi tí mo ní owó lápò ni mo jókòó sí Agats yìí. Ẹni tí kò ní ńkọ́?

Epo dé lọ́jọ́ kẹrin, ní 25,000. Mo ra lítà 140, mo sì ra 20 sí kẹ́ẹ̀gì Bapa. N kò ka ìyẹn mọ́ ìnáwó. Mama àti ọmọ wọ ọkọ̀ ńlá pẹ̀lú mi ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Bapa tẹ̀lé wa pẹ̀lú ketinting. Nígbà tí omi fà, a há sórí ẹrẹ̀ fún wákàtí kan, àwọn igi etí òkun tí gbòǹgbò wọn yọ síta sì yí wa ká. Mama kò tilẹ̀ gbójú sókè, wọ́n ń fún ọmọ lọ́mú.

Ilé tó wà ní abúlé náà kò ju bí ogójì lọ, ewé ságò ni òrùlé wọn, iná ìdáná wà láàárín ilé lórí amọ̀. Ilé gígùn kan wà létí odò, jew ni wọ́n ń pè é, ilé àpéjọ àwọn ọkùnrin ni. Omi òjò ni wọ́n ń mu. Bí òjò bá dá fún ọjọ́ mẹ́rin, omi odò tó dúdú bí àgbo ló kù. Ilé ìtọ́jú aláìsàn kékeré wà, àgádágodo wà lẹ́nu rẹ̀. Olùkọ́ ilé ìwé ti lọ gba owó oṣù ní Agats, wọ́n ní epo ló dá òun náà dúró. Àwọn ọmọdé ń wa ọkọ̀ lórí ìdúró, pẹ̀lú àjẹ̀ tó gùn jù wọ́n lọ, inú mi sì dùn láti wò wọ́n.

Ọjọ́ kejì la wọ igbó ságò. Igi tó ń múra láti tanná ni wọ́n ń gé, torí bó bá ti tanná tán, oúnjẹ inú rẹ̀ ti bá òdòdó lọ. Bapa gé e, wọ́n la èèpo rẹ̀. Mama àti àwọn obìnrin méjì jókòó tì í, wọ́n ń lu inú rẹ̀ títí ó fi di wẹ́wẹ́. Mo gbà á lọ́wọ́ Mama. Láàárín ogún ìṣẹ́jú, ọwọ́ mi ti bó, ṣùgbọ́n n kò fi í sílẹ̀ títí a fi parí apá tèmi. Ìdí imọ̀ ságò ni wọ́n fi ṣe ọpọ́n. A da omi sí i, a ń fún un, ohun funfun sì ń ṣàn lọ bí ìgbà tí èèyàn ń sẹ́ ògì. Nígbà tó silẹ̀, mo bù ú lọ́wọ́. Mo ti kà nípa rẹ̀ fún ọdún kan, kò sí ìwé kankan tó sọ fún mi pé òórùn rẹ̀ dà bíi ti ògì ọjọ́ kejì.

Lálẹ́, wọ́n sun ún lórí iná, wọ́n sì gbé ìtun, ìdin ńlá inú igi, lé e. Bẹ́ẹ̀ ni, ìtun! Wọ́n ń fi igi tí wọ́n ti gé sílẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí kòkòrò lè yé sí i. Àwọn ará ilé wa ní Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀ tí wọ́n ń jẹ ìtun ọ̀pẹ mọ adùn rẹ̀. Nígbà tí mo jù ú sẹ́nu, gbogbo ilé hó. Kì í sì í ṣe adùn nìkan: ságò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ sítáàṣì lásán, ìtun àti ẹja ló ń gbé ọmọ ró. Ẹja wà nínú odò, ṣùgbọ́n ìwọ̀ àti àwọ̀n, láti Agats ni, pẹ̀lú iyọ̀ àti ọṣẹ. Iye owó epo wà lára gbogbo wọn.

Agbẹ́gilére ni Bapa. Àwọn Asmat gbà pé inú igi ni wọ́n ti wá: Fumeripits gbẹ́ ère, ó lu ìlù, àwọn ère sì dìde jó. Mo sọ ti Ọbàtálá àti amọ̀ fún wọn, wọ́n ní kí n tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì. Ère mẹ́ta ni wọ́n gbé lọ sí Agats nígbà tí ara ọmọ kò yá. Owó ère náà ni wọ́n fi jẹun fún ọjọ́ mọ́kànlá yẹn.

Bapa fi ketinting gbé mi padà, mo ra lítà 35: 15 tó gbé wa sọ̀ kalẹ̀, 20 tí yóò gbé wọn lọ sókè, 875,000. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó má fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni láti Java. Kó dé Agats, kó lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tò fún epo, kó béèrè ẹni tó ń lọ sí abúlé rẹ̀ àti iye lítà tí ọkọ̀ rẹ̀ ń jẹ. Kó fi ọjọ́ márùn-ún lé ọjọ́ tó ní. Kó di ìwọ̀ ẹja àti iyọ̀ sínú ẹrù.

Kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin mi, mo fún Bapa. Wọ́n so wọ́n mọ́ inú ọkọ̀, epo wà nínú ọ̀kan, mẹ́ta ṣófo, wọ́n sì bá omi tó ń kún lọ.