Ẹ má ka gbogbo ìròyìn pọ̀ sínú voice note kan ṣoṣo

Ẹ̀yin tí a jọ ń ka ìròyìn fún àwọn tí kò ríran ní Àkúrẹ́ níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa gba ìròyìn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́tọ̀ lórí WhatsApp. Àkọlé ni kí ẹ kọ́kọ́ pè: "Iye tí wọ́n ń ta iṣu l'Ọ́jà Ọba." Bí ẹ bá fi wọ́n ránṣẹ́ tẹ̀léra, tí olùgbọ́ bá ti tẹ àkọ́kọ́, ìyókù á máa dún tẹ̀léra láìjẹ́ pé ó tún tẹ nǹkan kan. Ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ ti òṣèlú á fò ó. Nínú ohùn ìṣẹ́jú 40, níbo ló ti fẹ́ wá ibi tí ti iṣu wà? Àmọ́ bí ẹnì kan bá kọ "ẹ ṣé o" sáàárín, ìtẹ̀léra náà já nìyẹn, èyí tó kàn kò ní dún fúnra rẹ̀ mọ́. Kí ádímìn nìkan máa fi nǹkan ránṣẹ́ títí a ó fi kà á tán.